Àbámọ̀ Lẹ́yìn Gbàǹjo

Àwọn baba wa ti sọ ọ́, kò sì tíì sí ẹni tí ó já wọn ní koro, pé gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí kò wúlò, ṣùgbọ́n àsìkò Ìkórè ni ó yẹ kí a kọ ọ́ sí ara ògiri gbọ̀ngàn ìjọ, kí àgbà àti ọmọdé lè máa kà á. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí iṣu tuntun sì ti pọ̀ ní ọjà, àwọn ìjọ ní Ìbàdàn a máa pe ọmọ wọn jọ láti dúpẹ́ àti láti kó owó jọ. Òkè-Àdó ń ṣe tirẹ̀, Mọ́lété ń ṣe tirẹ̀, Ring Road kò gbẹ́yìn. Àdúgbò Challenge, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission, a sì máa kún fún ìlù àti orin láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe orin náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, kì í sì í ṣe ìdúpẹ́ náà. Gbàǹjo tí ó ń tẹ̀lé e ni, àti àbámọ̀ tí ó ń tẹ̀lé gbàǹjo.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ó ti ń rí. A ó gbé iṣu mẹ́ta sí orí tábìlì; a ó gbé àkùkọ tí a dì lẹ́sẹ̀ tì í, àti odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, àti agbọ̀n ọsàn, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù lọ nínú ìjọ ni a ó fi ṣe apegbàǹjo. Yóò pe owó, ẹnì kan yóò fi lé e, ẹlòmíràn yóò sì tún fi lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ lòdì sí gbogbo ohun tí ìyá wa kọ́ wa ní ọjà. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu a máa ná an. Bí òǹtajà bá pe mẹ́wàá, òun yóò ní márùn-ún ni òun yóò san, wọn yóò sì pàdé ní méje. Ẹni tí ó bá mú owó sọ̀kalẹ̀ jù lọ ni a ń yìn pé ó gbọ́n. Ní gbàǹjo Ìkórè, ẹni tí ó bá mú owó gòkè jù lọ ni a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ojú kan náà ni, iṣu kan náà ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń ra ọjà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kò bá wa dé inú gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́ ni ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Iṣu mẹ́ta náà wà ní ilé ìdáná, wọn kò sì ju iṣu mẹ́ta lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń bẹ nílẹ̀, owó ilé ń bẹ nílẹ̀, akọ̀wé ìjọ sì ti kọ orúkọ bàbá sínú ìwé pẹ̀lú iye tí ó pè. Àwọn kan a san án, wọn a sì máa kùn sínú fún oṣù mẹ́ta, tí ìyàwó àti ọmọ yóò máa jẹ nínú ìkùnsínú náà bí ẹni ń jẹ oúnjẹ. Àwọn mìíràn kò ní san án rárá. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìsìn, wọn yóò sì máa jáde kí àdúrà ìkẹyìn tó parí, kí wọ́n má bàá pàdé akápò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó burú jù ni àwọn tí yóò tìtorí rẹ̀ fi ìjọ sílẹ̀ pátápátá, tí wọn yóò sì máa sọ pé ìwà àwọn àgbà ìjọ ni ó lé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra ọrẹ. Ọrẹ ni a fi kọ́ ilẹ̀ yìí. Nígbà tí David Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851, tí òun àti aya rẹ̀ Anna sì wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, owó láti òkè òkun ni iṣẹ́ náà fi ń lọ. Ṣùgbọ́n Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 títí di 1872, kò fẹ́ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé ìjọ tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé kí àwọn ọmọ ìjọ fi ọwọ́ ara wọn gbọ́ bùkátà ìjọ wọn. Ayẹyẹ Ìkórè gan-an, bí a ti ń ṣe é ní ìjọ, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Robert Hawker ni a sọ pé ó sọ ọ́ di àṣà tuntun ní Morwenstow ní 1843. Àwa náà gbà á, nítorí pé àwa náà ti mọ bí a ti ń fi iṣu tuntun dúpẹ́ kí ìwé mímọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìjọ tí ó ń kó owó jọ ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìjọba kò tíì ṣe é. Ìjọ Áńgílíkà dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ọdún 42 gbáko ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní 1955. Ẹni tí ó bá kẹ́gàn ọrẹ, ìdí ilé ara rẹ̀ ni ó ń wú.

Níwọ̀n bí ọrẹ ti ṣe pàtàkì tó báyìí ni ó ṣe yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó ń sọ inú dídùn di ìkorò láàrin ọjọ́ méjì. Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ó bá pe owó ní gbàǹjo ń ra ohun mẹ́ta pọ̀. Ó ń ra iṣu, èyí tí a mọ iye rẹ̀ ní Bódìjà. Ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ Ọlọ́run, èyí tí iye rẹ̀ wà lọ́kàn olúkúlùkù. Ó sì ń ra àtẹ́wọ́. Iṣu kò ní àbámọ̀ nínú, nítorí pé a óò jẹ ẹ́. Ìrànlọ́wọ́ kò ní àbámọ̀ nínú, nítorí pé orùlé tí a fi kàn yóò máa wà lójú wa. Àtẹ́wọ́ nìkan ni ó tán ní ojú ẹsẹ̀ tí a rà á, òun ni ó sì sábà máa ń wọ́n jù lọ. Ìnáwó tí a ṣe lórí rẹ̀ ni ó ń di àbámọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀mí fífi owó lé owó kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ní ìlú Róòmù pa Pertinax tí ó wà lórí ìtẹ́, wọ́n sì gbé ìjọba gbogbo ilẹ̀ Róòmù sí gbàǹjo. Sulpicianus ń pe owó láti inú àgọ́ wọn, Didius Julianus ń pè é láti ẹ̀yìn odi. Nígbà tí ti Sulpicianus dé 20,000 owó Róòmù fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, Julianus fi 5,000 lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ké e sókè, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọjọ́ 66 péré ni ó lò lórí ìtẹ́ tí ó rà, wọ́n sì pa òun náà. Bí ọba ayé bá lè gbé ọkàn kúrò lórí ohun tí ó ń rà, tí ó sì tẹjú mọ́ ẹni tí ó ń bá a díje nìkan, kí ni kí a sọ nípa tíṣà tí ó jókòó ní ìjókòó kẹta, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 5,000 náírà lé owó àkùkọ?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ epo ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí ní 1971. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bá ń du ilẹ̀ epo kan ní gbàǹjo, ẹni tí ó bá borí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ṣi ìṣirò jù lọ, nítorí náà a máa kábàámọ̀ ohun tí ó fi ayọ̀ gbà. Àwọn tí wọ́n ní akọ̀wé àti olùṣírò owó nìyẹn! Tiwa kò ní olùṣírò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀ tí ó ń fi orúnkún gbá a lábẹ́ ìjókòó, tí kò sì fetí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 fi 70,000 náírà ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹni tí ń gba iye yẹn bá pe 100,000 náírà lórí ohun tí a lè fi 10,000 rà ní ọjà, ó ti pe iṣẹ́ oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ bí i méjì, ó sì pè é láàrin ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó sì pè. Ó pe ìwé kíkà ọmọ rẹ̀, ó pe oògùn ìyá rẹ̀ ní abúlé, ó pe owó tí ìyàwó rẹ̀ ń retí láti fi kún ọjà. Àwọn wọ̀nyí kò sí níbẹ̀ láti sọ bóyá àwọn gbà tàbí àwọn kò gbà. Ọrẹ tí a fi ohun ẹlòmíràn ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ mìíràn ni ó yẹ kí a fún un.

Ṣùgbọ́n ìwà òdodo kò jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi lé olùpowó lórí. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ní ìpín tirẹ̀. A ti rí ibi tí a ti to ìjókòó sí ipò bí ẹni to ọlọ́pàá, tí a sì ń pe olóyè lórúkọ, tí a ń pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ, tí a ń béèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé ṣé ẹnu wọn ti dí ni. A ti gbọ́ apegbàǹjo tí ń fi ẹgbẹ́ ọkùnrin dójú kọ ẹgbẹ́ obìnrin, tí ó sì ń fi ọmọ àdúgbò kan ṣáátá ọmọ àdúgbò kejì. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ọrẹ àtinúwá; owó orí ni, bí a tilẹ̀ fi orin gbà á. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa fífi ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìgbọdọ̀máṣe fúnni ní nǹkan. Ó sì yà wá lẹ́nu pé ìjọ tí ó ń ka ìwé yẹn ní òwúrọ̀ lè gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di agogo méjì ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń mú ọmọ ẹgbẹ́ yín tí ó wà nípò lọ sí ibi gbàǹjo, tí ẹ sì máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ kí ó lè borí ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹ mọ iye tí ìjọba ń san fún un. Nígbà tí ó bá pe owó tí owó oṣù rẹ̀ kò lè gbé, tí ẹ sì pàtẹ́wọ́, ibo ni ẹ rò pé yóò ti rí i? Bí kò bá san án, ó ti ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́. Bí ó bá sì san án, ó lè jẹ́ pé láti ara ọ̀nà tí a kò ṣe, tàbí láti ara kànga tí a kò gbẹ́, ni ó ti yọ ọ́. Àtẹ́wọ́ yín ni ó kọ́kọ́ tì í sí ojú ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ fà á láṣọ kí ó jókòó.

Àwọn kan ń bi wá léèrè bóyá ẹni tí ó kábàámọ̀ lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Òfin ọjà títà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa ṣe irú rẹ̀ ní 1959, dáhùn rẹ̀ kedere. Kí òòlù apegbàǹjo tó balẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó pe owó lè fà á padà. Bí òòlù bá ti balẹ̀, ọjà ti di títà. Ẹni tí ó sì bá kọ sọ̀wédowó láti fi bo ojú, nígbà tí ó mọ̀ pé kò sí owó ní báǹkì, kí ó rántí pé òfin ọdún 1977 ti sọ sọ̀wédowó tí kò lówó nínú di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ni lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Lóòótọ́, kò wọ́pọ̀ kí ìjọ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí àkùkọ, a kò sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ohun tí à ń fi ẹnu ṣe níbẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe rò pé ẹni tí ó pe owó tí kò san án kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní oṣù Keje 2014, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ọlọ́rọ̀ jọ sí Àbújá láti dáwó fún àwọn tí ogun Boko Haram ba ayé wọn jẹ́. Ọ̀gágun T. Y. Danjuma ni alága ìgbìmọ̀ náà. Owó tí a fi ẹnu ṣèlérí ní alẹ́ yẹn ju bílíọ̀nù 50 náírà lọ. Ọdún yípo, ìgbìmọ̀ náà sì ní láti sọ fún gbogbo ayé pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ṣèlérí kò tíì mú owó wá. Opó tí ó wà ní àgọ́ ní Máídúgùrì kò lè fi ìlérí se ọbẹ̀. Bí ó ti rí ní Àbújá ni ó rí ní Challenge. Ìgbìmọ̀ yóò fi ìwé orúkọ gbé iṣẹ́ fún káfíńtà, káfíńtà yóò ra pákó ní àwìn, orùlé yóò dé ìdajì, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò sì bá a níbẹ̀. Nígbà tí a bá tún pe àwọn ènìyàn jọ, àwọn tí wọ́n san tiwọn yóò béèrè ohun tí a fi ti èṣí ṣe. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.

A mọ ohun tí àwọn olùṣètò yóò sọ. Wọn yóò ní bí a kò bá mú ara àwọn ènìyàn gbóná, owó kò ní jáde. A kò gbà. Kí gbàǹjo tó dé ilẹ̀ yìí ni èsúsú ti wà. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí àtẹ́wọ́, síbẹ̀ owó ń jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó sì ń dé ọwọ́ ẹni tí ó kàn. Ohun tí ó mú un dúró ni pé olúkúlùkù ti mọ iye tirẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Àwọn kan yóò sì sọ pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tí ó fúnni. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni Jésù ń wàásù rẹ̀ nígbà tí ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣírò iye tí yóò ná an.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹni tí ń lọ sí gbàǹjo, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tàbí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú lórí iye tí ilé wọn lè yọ̀ǹda, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí owó bá kọjá ibẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé àkùkọ lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìgbìmọ̀, ní tirẹ̀, kí ó jáwọ́ nínú pípe orúkọ. Kí ó gba iye tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn, nínú àpò ìwé. Kí ó má sì gbé iṣẹ́ kalẹ̀ lórí owó tí kò tíì wọlé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá lè san án láìpa ẹnikẹ́ni lébi, kí ó san án lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì dẹ́kun ìkùnsínú. Ohun tí ó san náà yóò di ọrẹ tòótọ́ ní ọjọ́ tí ó bá dáríji ara rẹ̀. Bí kò bá lè san án, kí ó má ṣe sá. Kí ó tọ akápò lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo pè ga ju agbára mi lọ; iye báyìí ni mo lè mú wá ní oṣooṣù, èyí tí mo sì mú dání nìyí.” Akápò tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gba ti ọwọ́ rẹ̀, yóò ṣí ìwé rẹ̀, yóò tún iye náà kọ, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnì kejì. Díẹ̀ tí ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn yóò kan pákó mọ́ orùlé, ohun tí ariwo ọjọ́ Ìsinmi kò lè ṣe.